Ìṣẹ́jú Àáyá

Ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́lé sí lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́,
tí wọ́n da ọ̀dà sójú títì rẹ̀ kí owó tó tán,
kò sí ilé kan níbẹ̀ títí dòní.
Òpó iná dúró láìní wáyà. Ewúrẹ́ ń sùn lójú ọ̀nà.
Lọ́jọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù
a ó lé ewúrẹ́, a ó gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò ní kọ́nà,
a ó to táyà ògbólógbòó sétí gọ́tà,
èmi ó sì gbé àga mi síbi ìlà funfun,
èmi tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì,
pẹ̀lú aago tí mo fi ń ka eré ìje àwọn ọmọ iléèwé
nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré.

Wòsílátù wà lára wọn. Ipò kẹta ló máa ń ṣe.

Okùn ni wọ́n fi fa Họ́ńdà rẹ̀ wá láàárọ̀ yìí,
torí apá ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà, bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jàpáànù;
ọlọ́pàá ò ní jẹ́ kó dá rìn lójú títì ọba.
Gbogbo ayé ní kí wọ́n gbé e sósì.
Bàbá rẹ̀ kọ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe bí i ni kó ṣe wà.
Ẹ fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ sílẹ̀."

Gàníyù panẹ́bítà: ogójì ọdún tó fi lu irin ti gba etí rẹ̀.
Kì í gbọ́ ìpè ìrun mọ́, òjìji ló ń wò.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì,
á sọ fún ọ pé púlọ́ọ̀gì kẹta ń purọ́.
Ara ọkọ̀ tó jóná ní Ìkòròdú ló ti yọ tọ́bò.
Ó tú àga ẹ̀yìn dànù, ó tú éèsì dànù.
Nígbà tó kan rédíò, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

Dọ́kítà Oyèníran ti sá tirẹ̀, oníṣègùn eyín,
nínú Súbárù búlúù tí owó rẹ̀ tó ra ilé:
ìṣẹ́jú kan, àáyá mẹ́rìndínlógún.
Kàmọ́rù fi ẹ̀yìn wọ koríko ní kọ́nà kejì,
ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ewé há sí irun rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
n kò béèrè lọ́jọ́ kan pé àáyá wo,
igi wo ló wà tó ń ṣẹ́jú,
kí ló rí?

Wòsílátù gbéra. Táyà ké, tọ́bò súfèé fììì,
àáyá bẹ́ sílẹ̀, ó bẹ́ sáré.
Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta tó ń bọ̀ wá síbi ìlà
mo rí ọwọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń já gíà.
Ọwọ́ òsì. Mo mọ ọwọ́ náà. Ní kíláàsì kejì
mo fi rúlà gbá a léegun ìka
títí ó fi gbé pẹ́ńsùlù sọ́tùn-ún,
torí a kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Èmi ò mọ̀ pé gíà ni ọwọ́ náà ń dúró dè.

Mo ṣẹ́jú.
Àtàǹpàkò mi pẹ́ kó tó tẹ aago.

Mẹ́rìndínlógún àti ìdámẹ́wàá méjì, ni aago wí.
Mo ní kó tún un sá. Epo ti tán,
òjò sì ti ṣú láti orí ọ̀sà.
Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dijú,
ó ní ọkọ̀ yìí ti kọjá oníṣègùn eyín.
N kò jiyàn. N kò sì lè jẹ́rìí.
Mo kọ ohun tí aago wí, mo fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Míìsì," ó bọ́ akoto, òógùn bò ó lójú,
"ipò kejì ni. Mo ti kúrò ní kẹta."

Ewúrẹ́ àkọ́kọ́ ti padà sójú ọ̀nà.